Ẹṣin Tó Dí Ọ̀nà Ìdí-Òro

Etí abo ẹṣin wa ni mo kọ́kọ́ rí. Mo jókòó sẹ́yìn ìyá àgbà lórí gàárì, mo wé ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ wọn níbàdí, òórùn òrí tí wọ́n fi para dà pọ̀ mọ́ òórùn òógùn ẹṣin nímú mi. Oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí oko ẹ̀gẹ́. Etí méjèèjì tó ti ń mì jẹ́jẹ́ bọ̀ láti Mushin ṣàdédé nàró ṣánṣán, ẹran náà sì dúró bí ìgbà tí wọ́n kàn án mọ́lẹ̀.

Mo yọ orí láti ẹ̀gbẹ́ apá ìyá àgbà. Ẹṣin dúdú kan dúró láàárín ọ̀nà Ìdí-Òro lábẹ́ igi ìyeyè. Kò ní gàárì, kò ní ìjánu, kò sì sí ẹni tó dì í mú. Àmì funfun kan wà níwájú orí rẹ̀ bí ẹni dé fìlà. Ẹṣin pupa méjì yọ láti inú igbó, wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹwà wọn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Lẹ́yìn náà ni dúdú yìí da etí sẹ́yìn títí ó fi lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀, ó na ọrùn gbọọrọ bí ejò, ó ṣí eyín sílẹ̀, ó sì ń bọ̀ wá bá wa.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká sá!"

"Pa ẹnu mọ́, kí o dì mí mú. Ẹni tó bá sá ló ní kí ó wá lé òun."

Wọn kò yí abo ẹṣin padà. Wọ́n fa okùn ìjánu kúrú kí ó lè máa kọjú sí èyí tó ń bọ̀, wọ́n fi ọwọ́ kejì tú ìborùn wọn, wọ́n sì nà án sókè gbàràgàdà bí ẹni tó fẹ́ sá aṣọ. Wọn kò pariwo. Ohùn tí wọ́n fi ń bá àna tó mutí yó wí ni wọ́n lò. "Dúró níbẹ̀! Ìwọ yìí! Mo ní kí o dúró!"

Ẹṣin náà dúró. Ohun tó wà láàárín wa kò ju gígùn yàrá méjì lọ. Ó ń fi pátákò họ ilẹ̀, erùpẹ̀ ń fọ́n sókè. Ìyá àgbà wá ń dá abo ẹṣin padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. "Padà. Padà, ọmọ mi. Rọra." Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ẹnu oko kan tí wọ́n fi ọparun sọgbà yí ká. A wọlé, a ti ẹnu ọ̀nà, a sì gba àárín ẹ̀gẹ́ kọjá, ọgbà wà láàárín àwa àti àwọn ẹṣin yẹn.

Nígbà tí a óò fi dé Yaba, ọmọ tí a ń lọ gbẹ̀bí rẹ̀ ti wáyé sọ́wọ́ aládùúgbò kan tí kò mọ ohun tó ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára ìyá ọmọ. Ìyá àgbà dojú kọ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní, "Díẹ̀ ló kù kí obìnrin yẹn kú."

Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Ní Ìlọrin ni wọ́n ti dàgbà, níbi tí bàbá tiwọn ti ń tọ́jú ẹṣin fún jagunjagun kan. Ẹṣin ló já wọn lulẹ̀ ní kékeré tí ìgbáròkó òsì wọn fi yẹ̀. Wọn kò lè rìn ju láti ilé wa dé kànga lọ láìjókòó sinmi. Síbẹ̀ iṣẹ́ agbẹ̀bí ni Ọlọ́run fi sí wọn lọ́wọ́, àwọn aboyún sì wà káàkiri láti Mushin títí dé Yaba, níbi tí àwọn ará Èkó ti ń kó wá kọ́lé sí nígbà náà. Irú ẹran tó ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́ náà ni wọ́n wá fi ṣe ẹsẹ̀.

Mo ṣì ń gbọ́ ìró òwúrọ̀ ilé wa: àdá tí wọ́n fi ń gé koríko, omi tí wọ́n ń dà sí pátákò, ẹran náà tó ń fẹ́ èémí gbígbóná sí ọrùn wọn, àwọn náà ń bá a wí bí ẹni ń bá ìyàwó ilé sọ̀rọ̀. Bí a bá ti jáde, àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Ẹlẹ́ṣin, ogun wo lẹ tún ń lọ?"

"Ogun tí ìyá rẹ jà kó tó bí ẹ ni."

Ẹ̀rín á sọ. Èmi ni mo máa ń gbé àpò tí ọṣẹ, òrí àti aṣọ mímọ́ wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Gbogbo wa la mọ ibi tí àwọn ẹṣin mẹ́ta yẹn ti wá. Ọkùnrin kan láti Òkè Ọya ló máa ń fi ọkọ̀ ojú irin kó ẹṣin wá tà. Ó ṣe ọgbà ọparun gígùn kan sí ẹ̀bá ọ̀nà irin, kò jìnnà sí Yaba. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, a sì jọ máa ń kírun Jímọ́ọ̀ ni. Ibà pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan. Òjò wó ọgbà rẹ̀, ẹṣin mẹ́ta tó kù sì jáde sínú igbó. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ẹbí rẹ̀, a kò tíì rí èsì. Akọ ẹṣin dúdú yẹn ni olórí wọn. Onífìlà ni àwọn ènìyàn ń pè é. Láàárín oṣù kan ó ti tàpá lu ẹnì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́, ó ti lé akọ̀wé kan gorí igi, kò sì sí ẹlẹ́ṣin tó tún gba Ìdí-Òro mọ́ àfi àwa.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀bi tèmi náà wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, wọ́n tún ránṣẹ́ pe ìyá àgbà. Ìyá àgbà ti ṣọ́ àwọn ẹṣin yẹn, wọ́n mọ̀ pé bí oòrùn bá mú, odò ni wọ́n máa ń lọ. Nítorí náà ọ̀sán gangan la kúrò nílé. Kí n tó gun ẹṣin, ìyá mi fà mí sẹ́yìn ògiri, ó gbé igbá kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Èérí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó sẹ́ ògì ló wà nínú rẹ̀, ó ti ń kan díẹ̀díẹ̀.

"Bí ẹ bá dé ìdí ìyeyè, sọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Sàárà ni. Ẹran kì í bu ẹni tó bọ́ ọ jẹ."

"Ṣé kí n sọ fún ìyá àgbà?"

"Sọ fún wọn kẹ̀? Kí wọ́n lè gbá èmi àti ẹ létí? Fi ìborùn bò ó."

Mo fi ìborùn bò ó. A dé ìdí ìyeyè, ọ̀nà dá ṣáká. Mo ti ń wá ibi tí màá sọ igbá náà sí nígbà tí koríko ya lápá ọ̀tún wa. Òórùn kíkan yẹn ti dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú wa. Wọn kò sáré bí èyí tó fẹ́ jà. Wọ́n ń bọ̀ gìrìgìrì bí ọmọ ilé kéú tó gbọ́ ìró ṣíbí. Àwọn pupa ti abo ẹṣin wa lápá kan. Onífìlà ti orí bọ ìborùn mi, mo sì di igbá mú nítorí mo rò pé bí mo bá jù ú sílẹ̀ yóò bínú. Ó fi eyín mú mi léjìká pẹ̀lú aṣọ, ó sì fà mí kúrò lórí gàárì.

Mo ṣubú sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ ẹṣin. N kò rántí ìrora. Pátákò ni mo rántí, wọ́n tóbi ju àwo oúnjẹ wa lọ.

"Ju igbá náà! Jù ú jìnnà!" ni ìyá àgbà wí.

Mo jù ú. Èérí fọ́n ká, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Ìyá àgbà ti da abo ẹṣin sí àárín èmi àtàwọn.

"Dìde. Má sáré. Rìn lọ sẹ́yìn igi yẹn. Mo ní rìn!"

Mo rìn. Ẹsẹ̀ mi ń fẹ́ sá, mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo gba ẹ̀yìn ìyeyè dé òkìtì ọ̀gán kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi sórí gàárì padà. A kò yíjú wẹ̀yìn. Àpá eyín yẹn ṣì wà léjìká mi. N kì í wọ aṣọ tó ń fi èjìká hàn.

Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, ju ayùn sílẹ̀ nígbà tí ó rí ẹ̀jẹ̀ lára mi.

"Ìyá, ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká ta ẹran yìí. Ará Agége kan ti ń bi mí léèrè. Màá ní kí ó wá mú un ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀."

"Kí n máa wá fi kí ni lọ síbi iṣẹ́? Ṣé ìwọ lo máa pọ̀n mí?"

"Ẹ jókòó sílé. Ẹ ti gbẹ̀bí tó."

"Sọ ìyẹn fún àwọn tó lóyún."

Bàbá mi mú ayùn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Jímọ́ọ̀ yẹn dúró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Bí abo ẹṣin bá lọ, ìyá àgbà di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ìyá àgbà ń fi òrí pa ojú ọgbẹ́ mi, wọ́n sì bi mí pé kí ló wà nínú igbá. Mo sunkún, mo jẹ́wọ́.

"Ìyá rẹ nìkan ló ń ṣe é?"

"Gbogbo wọn ni, Ìyá. Wọ́n ní ẹran òkú ọ̀run ni, pé ẹni tó bá bọ́ wọn, olóògbé yẹn ló ṣe é fún. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń gbé e síbẹ̀."

Ọwọ́ wọn dúró léjìká mi. Lẹ́yìn náà, ó yà mí lẹ́nu, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Ọwọ́ ara wa la fi fi í joyè! Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá bá a lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá wá kọjá láìgbé igbá, ṣé kò ní bi í pé tìrẹ dà?"

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà jókòó sí ẹnu kànga títí àwọn obìnrin fi pé. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ àwọn obìnrin létí. Ìyá oníṣu tó ń gbé lójúkojú wa ló kọ́kọ́ fèsì, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Nítorí ẹṣin yín, ká wá dá sàárà dúró? Ta ló máa dáhùn fún wa lọ́run?"

"Ta ló ní kí ẹ dá a dúró? Ṣé wọ́n kọ ọ́ pé ojú ọ̀nà ni sàárà gbọ́dọ̀ wà ni? Ẹ máa bọ́ wọn. Ibi tí ẹ ti ń bọ́ wọn ni kó yí padà."

"Ibo ni ká gbé e lọ?"

"Ọgbà olóògbé. Ṣé ilé rẹ̀ kọ́ ni? Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe òkú lóore, kò yẹ kí ó kó ẹran rẹ̀ padà sílé?"

Ìyá oníṣu wo ìyá mi. Ìyá mi wo ilẹ̀. "Òótọ́ ni wọ́n sọ," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó gbè sẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀ níta gbangba.

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán nìkan ni wọ́n ń gbé èérí jáde, nígbà tí àwọn ẹṣin bá wà lódò. Obìnrin méjì ni yóò lọ, wọn kò sì gbọdọ̀ dúró wò wọ́n jẹun. Lójoojúmọ́, igbá á kúrò níbi tó wà lánàá, á sún mọ́ ọgbà ẹ̀bá ọ̀nà irin. Ọjọ́ kìíní, bí ogún ìṣísẹ̀. Ọjọ́ kejì, bí àádọ́ta, ó sì ń pọ̀ sí i títí ó fi dé inú ọgbà. Bàbá mi ní iṣẹ́ òmùgọ̀ ni. Òun náà ló sì kó ọparun àti okùn lọ tún ọgbà náà ṣe, ó ń kan án, ó ń kùn. Ó fi ẹnu gbòòrò sí ìpẹ̀kun kan. Ní ìpẹ̀kun kejì, ìyá àgbà ní kí ó fi àlàfo tóóró sílẹ̀, tí ẹṣin kan ṣoṣo lè gbà kọjá, kí ó sì gbẹ́ ihò sára òpó fún ọ̀pá ìdábùú méjì.

"Kí ni ẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe, Ìyá?"

"Bóyá n kò ní lò ó. Ṣáà gbẹ́ ẹ."

Jímọ́ọ̀ dé. Lẹ́yìn ìrun, ará Agége wá, ó mú okùn tuntun lọ́wọ́. Bàbá mi kò rí ojú wò ó. Ìyá àgbà ní kí ó bá wa dé ọgbà kí ó kọ́kọ́ wò bí ẹran náà ṣe ń rìn. Ó tẹ̀lé wa.

Igbá méje ló wà nínú ọgbà, ní àárín gbùngbùn. A sá pamọ́ sẹ́yìn koríko. Àwọn ẹṣin pupa dé láti odò, wọ́n wọlé tààrà, wọ́n sì tẹ orí ba igbá. Onífìlà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọparun tuntun, ó fẹ́ imú, ó sì kọ̀. Ó dúró títí ọkọ̀ ojú irin kan fi kọjá, kò wọlé. Bí a bá ti àwọn méjì mọ́lé kí òun wà níta, igbó ló máa padà sí, ọ̀nà kò sì ní là.

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá mi gbé àwọn gun abo ẹṣin.

"Ìyá, ẹ má ṣe é."

"Lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ńlá. Bí ó bá ti wọlé, pa á dé. Ìwọ àti ìyá rẹ," wọ́n kọjú sí mi, "ẹ lọ sídìí ọ̀pá. Bí ìrù abo ẹṣin yìí bá ti kọjá, ẹ ti ọ̀pá bọ ihò. Ẹ má dúró wo ojú mi."

Ẹ̀rù ń bà mí. Èmi tí Onífìlà ti bù jẹ ni mo wá dúró síbi tí yóò gbà jáde. Ìyá mi di ọ̀pá ìsàlẹ̀ mú, mo di tòkè.

Ìyá àgbà gba iwájú Onífìlà wọlé. Wọn kò sáré. Abo ẹṣin ń rìn jẹ́jẹ́, orí sókè, ó kọjá ẹ̀gbẹ́ àwọn pupa tí wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Onífìlà yán, igbe kan tó gba inú mi kọjá, ó gbàgbé ọparun tuntun, ó sì wọlé tẹ̀lé e. Mo rí bàbá mi tó ń fa ẹnu ọ̀nà ńlá dé. Onífìlà ń yára sí i, ìyá àgbà kò yára sí i. Okùn ìjánu kúrú lọ́wọ́ wọn, ojú wọn wà lára àlàfo níbi tí a wà. Abo ẹṣin fẹ́ sá, mo rí i lára itan rẹ̀, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá sáré ní àlàfo tóóró yẹn, èjìká rẹ̀ á gbá òpó, á sì dí ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀.

Orí kọjá. Gàárì kọjá. Ìrù kọjá.

Ìyá mi ti tìsàlẹ̀. Mo ti tèmi. Àyà Onífìlà gbá ọparun gbàà, òpó mì, èémí rẹ̀ gbígbóná dà sí mi lójú. Ọ̀pá náà dì í mú. Mo ṣì di ìdí rẹ̀ mú nígbà tí ìyá mi ń já ìka mi kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ará Agége ti ká okùn rẹ̀ sápá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà nínú erùpẹ̀, ó wá yíjú sí bàbá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹṣin yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń tà."

"Ta ló sọ pé à ń tà á?" ni bàbá mi dáhùn, ojú kò tì í rárá.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, àbúrò olóògbé náà àti ọmọ rẹ̀ dé láti Òkè Ọya. Títí wọ́n fi dé, orí ọgbà ni àwọn obìnrin ti ń da èérí sínú, sàárà kò sì dúró lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbé àwọn pupa sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹran láìsí wàhálà. Onífìlà ló kẹ́yìn. Wọ́n fi aṣọ bo ojú rẹ̀, ọkùnrin méjì dì í mú lápá ọ̀tún àti òsì, ó sì ń gun pákó náà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo Mushin ti tú jáde, ìyá oníṣu ti ya ẹnu láti pariwo ayọ̀. Ìyá àgbà na ọwọ́ sókè.

"Kò tíì tó."

A pa ẹnu mọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi irin há a. "Kò tíì tó." Fèrè dún, àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ọwọ́ wọn ṣì wà lókè. Ìgbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kọjá igi tó jìnnà jù lọ, ìyá àgbà fúnra wọn ló kọ́kọ́ pariwo. Orí ẹṣin ni wọ́n wà. Wọ́n ju ìborùn sókè bí ọmọdébìnrin, wọ́n ń kígbe, gbogbo wa gbà á, títí ohùn mi fi há.

Mo ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún báyìí. Oníbẹ̀rù ènìyàn ni mí, n kò sì fi pamọ́. N kì í gba ẹ̀yìn ẹran kọjá. Bí ajá bá gbó mi, mo máa ń dúró, màá kọjú sí i, màá sì rọra máa padà sẹ́yìn, àwọn ọmọ mi á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Bí ìròyìn ayọ̀ bá dé ilé wa, èmi ni wọ́n máa ń sọ pé inú mi kì í tètè dùn. Wọn kò mọ̀ pé mò ń wo ilẹ̀kùn ni, bóyá ó ti tì. Bí ó bá ti tì tán, tí mo bá ti rí i pẹ̀lú ojú ara mi, kò sí ẹni tó lè yọ̀ jù mí lọ ní gbogbo àdúgbò.